Eyín Tí Ń Bu Olówó Rẹ̀ Jẹ: Àlàyé lórí Ìtọ́jú Ẹnu Àwọn Ọmọdé Tí Ń Ṣe Ara Wọn Léṣe

1.0 Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ahọ́n àti eyín a máa jà. Ìtumọ̀ òwe yìí kò ṣòro: kò sí bí àwọn ènìyàn méjì ti lè fẹ́ràn ara wọn tó tí èdè-àìyedè kò ní í wáyé láàárín wọn bí wọ́n bá ń gbé pọ̀, bí ìjà náà bá sì dé, kì í pẹ́ kí ó tó parí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé kan wà tí ìjà ahọ́n àti eyín wọn kì í parí. Eyín wọn a máa bu ètè jẹ títí ètè yóò fi ya. A máa gé ahọ́n jẹ títí orí ahọ́n yóò fi kúrú. A sì máa dá egbò tuntun sí inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí ti àná tó jinná. Àwọn mìíràn a máa fi èékánná ho erìgì wọn títí gbòǹgbò eyín yóò fi hàn síta.

Ìtọ́jú ẹnu irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ yìí dá lé lórí. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó gbìyànjú láti dáhùn. Èkíní, kí ni ó ń mú kí ọmọdé máa fi eyín ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀ léṣe? Èkejì, kí ni oníṣègùn eyín lè ṣe sí i, báwo ni ó sì ṣe yẹ kí ó to ìtọ́jú náà tẹ̀ léra? Ẹ̀kẹta, kí ni òbí tí ń gbé ní irú ìlú bí Arepo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, lè ṣe kí ó tó dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn? Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ohun tí ń fa ọgbẹ́ wọ̀nyí kì í ṣe ẹyọ kan, àti pé púpọ̀ nínú ìyà tí ń jẹ àwọn ọmọ náà ni ó ti inú fífi ojú kan ṣoṣo wo gbogbo wọn wá.

2.0 Ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ nípa ìṣòro náà

Èdè Yorùbá kò ní orúkọ kan pàtó fún àìsàn yìí. Ohun tí ó ní ni ọ̀rọ̀ tí ń sọ ìṣe: ọmọ náà ‘ń bu ara rẹ̀ jẹ’, ó ‘ń jẹ ètè’, ó ‘gé ahọ́n jẹ’. Ìṣe nìkan ni ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sọ. Wọn kò sọ ohun tí ó fà á. Nítorí náà, olùgbọ́ ni yóò fi ìdí rẹ̀ kún un fúnra rẹ̀, ohun tí ó sì sábà máa ń fi kún un kò ju mẹ́ta lọ: alágídí ni ọmọ náà, tàbí orí rẹ̀ kò pé, tàbí kí ọ̀rọ̀ náà ní ọwọ́ ayé nínú. Èyíkéyìí tí olùgbọ́ bá mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò sọ irú ìtọ́jú tí ọmọ náà yóò rí gbà. Wọn a na alágídí. Wọn a fi ẹni tí orí rẹ̀ kò pé pamọ́ sí yàrá. Ẹni tí wọ́n rò pé ọwọ́ ayé wà nínú tirẹ̀ yóò máa ti ilé àdúrà kan bọ́ sí òmíràn. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí tí ó gba ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín kọjá.

Ohun mìíràn tún wà tí ó yẹ fún àkíyèsí. Bí ọmọ bá ṣe ohun tí kò dára, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí àgbàlagbà yóò bèèrè ni pé, ‘Ṣé o mọ̀ọ́mọ̀ ni, àbí ó ṣèèṣì?’ Ọ̀nà méjì péré ni ìbéèrè yìí là sílẹ̀. Bí àlàyé tí ń bọ̀ yóò ti fi hàn, àwọn ọmọ kan wà tí ìṣe wọn kò bọ́ sí ọ̀kankan nínú méjèèjì. Wọ́n mọ̀ pé àwọn ń bu ara àwọn jẹ, ó ń dùn wọ́n, wọn kò sì fẹ́ ẹ. Síbẹ̀ wọn kò lè dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹni tí kò bá gbà pé irú ìṣe kẹta yìí wà kò lè tọ́jú wọn bí ó ti yẹ.

3.0 Ìsọ̀rí àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn

3.1 Ìkókó tí eyín rẹ̀ tètè yọ

Nínú ọmọ bí ẹgbẹ̀rún méjì sí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tí a bá bí, a lè rí ọ̀kan tí yóò ti inú ìyá rẹ̀ mú eyín wá sáyé. Ní iwájú ìsàlẹ̀ ẹnu ni irú eyín bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà. Ojú àràmàǹdà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wò ó, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe eyín àlékún: eyín ọmọdé gan-an ni, tí ó kàn yọ ṣáájú àkókò rẹ̀. Bí ìkókó bá ti ń mu ọmú, abẹ́ ahọ́n rẹ̀ a máa gún eyín náà lóòrèkóòrè títí yóò fi di egbò. Àwọn oníṣègùn ará Ítálì méjì, Riga ní 1881 àti Fede ní 1890, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe egbò yìí, orúkọ wọn ni a sì fi ń pè é títí di òní. Ọmọ tí egbò náà bá ń dùn kì í fẹ́ mu ọmú mọ́, ara rẹ̀ yóò sì máa joro.

Ìtọ́jú rẹ̀ rọrùn bí a bá tètè rí i. Oníṣègùn yóò rẹ́ ẹnu eyín náà kí ó má baà mú mọ́, tàbí kí ó fi ohun dídán bò ó. Bí eyín náà bá ń mì débi pé ó lè já bọ́ sí ọ̀nà èémí ọmọ ni yíyọ rẹ̀ di dandan. Nígbà náà pàápàá, bí ọmọ kò bá tíì pé ọjọ́ mẹ́wàá, oníṣègùn gbọ́dọ̀ rí i dájú pé ọmọ náà ti gba abẹ́rẹ́ fítámì K, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ìkókó kì í tètè dá.

3.2 Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kò mọ ìrora

Oríṣi méjì ni èyí. Ti ìgbà díẹ̀ ni ó wọ́pọ̀ jù. Bí oníṣègùn bá fẹ́ yọ eyín ìsàlẹ̀ tàbí kí ó dí i, yóò fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ tí ń mú ẹnu kú. Iṣẹ́ náà lè parí láàárín ìdajì wákàtí, ṣùgbọ́n ètè àti ahọ́n ọmọ yóò ṣì kú fún wákàtí méjì sí mẹ́ta, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí kò mọ ètè rẹ̀ lára mọ́ a máa rún un lẹ́nu bí ẹni ń jẹ gọ́ọ̀mù. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2000 fi hàn pé nǹkan bí 13 nínú 100 ọmọdé tí ó gba irú abẹ́rẹ́ yìí ni ó bu ara wọn jẹ, àti pé bí ọjọ́ orí ọmọ bá ti kéré tó ni ewu náà ń pọ̀ tó. Ní ọjọ́ kejì, ètè náà yóò wú, ohun funfun yóò sì bò ó lójú. Ọ̀pọ̀ òbí a máa rò pé abẹ́rẹ́ náà ni ó bàjẹ́ tàbí pé kòkòrò wọ ojú ibẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọgbẹ́ eyín lásán ni, yóò sì san láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì bí wọ́n bá ń fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́.

Oríṣi kejì jẹ́ ti àbínibí, kò sì wọ́pọ̀ rárá. Iṣan tí ó yẹ kí ó gbé ìrora lọ sí ọpọlọ kò dàgbà nínú ara ọmọ náà. Nínú ẹ̀yà kan àìsàn yìí, ọmọ kì í làágùn pẹ̀lú; nítorí náà ara rẹ̀ a máa gbóná lódìlódì nígbà ooru. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Japan ni wọ́n fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1996 pé àbùkù ara ohun àjogúnbá kan tí wọ́n ń pè ní NTRK1 ni ó ń fa ẹ̀yà yìí. Àmì àkọ́kọ́ a máa hàn ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà, nígbà tí eyín bá ń yọ: ọmọ náà yóò bu ahọ́n àti ìka ara rẹ̀ jẹ, kò sì ní í sunkún. Ìyá tí ó bá rí i pé ọmọ òun ń ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́nu tí ó sì ń rẹ́rìn-ín kò gbọ́dọ̀ fi í ṣe àwàdà.

3.3 Ọmọ tí ó mọ ìrora ṣùgbọ́n tí kò lè dá ara rẹ̀ dúró

Ní 1964, Michael Lesch, tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn nígbà náà, àti olùkọ́ rẹ̀, William Nyhan, kọ ìwé nípa àwọn ọmọkùnrin méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, tí wọ́n ń bu ètè àti ìka wọn jẹ. Ní 1967 ni Seegmiller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàwárí pé èròjà kan ni kò sí lára àwọn aláìsàn wọ̀nyí, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tún àwọn ohun kan nínú ara lò. Nítorí àìsí rẹ̀, yúríìkì ásíìdì a máa pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn ìyá a máa rí ohun tí ó dà bí iyanrìn pípọ́n nínú ìtẹ́dìí ọmọ. Àìsàn náà ṣọ̀wọ́n gan-an: nǹkan bí ọmọ kan nínú 380,000 ni a ṣírò rẹ̀ sí. Ọmọkùnrin ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn.

Ohun ìyanu tí ó wà nínú àìsàn Lesch àti Nyhan ni pé ìrora ń dun ọmọ náà bí ó ti ń dun gbogbo ènìyàn. A máa ké nígbà tí ó bá ń bu ètè rẹ̀ jẹ. Bí a bá tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀rù a máa bà á. Bí a bá fi nǹkan rírọ̀ so ó, ọkàn rẹ̀ a balẹ̀, àwọn tí ó lè sọ̀rọ̀ nínú wọn a sì máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n so àwọn. Oògùn alopúrínọ́ọ̀lù a máa dín yúríìkì ásíìdì kù, a sì máa dáàbò bo kíndìnrín, ṣùgbọ́n kì í dá bíbu ara ẹni jẹ dúró. Irú ọmọ yìí ni ìbéèrè ‘mọ̀ọ́mọ̀ tàbí èèṣì’ kò bá mu rárá.

Àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn ti fara pa pẹ̀lú, tí iṣan ara wọn ń fà láìjẹ́ pé wọ́n fẹ́, wà nínú ìsọ̀rí yìí. Àgbọ̀n wọn a máa pàdé lójijì, ahọ́n tàbí ètè yóò sì há sí àárín. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti ọmọ tí ó dákú nítorí ibà tí ó wọ ọpọlọ, tí eyín rẹ̀ sì ń wa pọ̀ lójú oorun àìmọ̀kan.

3.4 Ọmọ tí ó fi bíbu ara rẹ̀ jẹ sọ̀rọ̀

Ọmọ tí ó ní ọ́tísìmù, tàbí tí òye rẹ̀ kò tó ti ẹgbẹ́ rẹ̀, lè máa ṣe ẹnu ara rẹ̀ léṣe nítorí pé kò ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ohun tí ń ṣe é. Ó lè jẹ́ pé ariwo ti pọ̀ jù fún un, tàbí pé wọ́n ń fún un ní iṣẹ́ tí kò fẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé nǹkan ń dùn ún ní tòótọ́: eyín tí kòkòrò ti jẹ, etí tí ń ṣọyún, ọ̀fun tí ó wú, tàbí eyín tuntun tí ń yọ. Ọmọ tí ń fi èékánná ho erìgì rẹ̀ ní ojú kan náà lójoojúmọ́ lè máa nàka sí ibi tí ìrora wà. Nítorí ìdí èyí, wọn kò gbọdọ̀ sọ pé ‘bí ó ti máa ń ṣe nìyẹn’ láìjẹ́ pé wọ́n ti yẹ ẹnu, etí àti ọ̀fun rẹ̀ wò fínnífínní.

4.0 Gìrì àti ibà pọ́njú: ohun tí ó wà nílẹ̀ wa

Àwọn àìsàn tí ó ṣọ̀wọ́n ni àwọn ìwé ìṣègùn òkè òkun sábà máa ń tẹnu mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun méjì tí ó wọ́pọ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ mẹ́nu bà.

Gìrì ni àkọ́kọ́. Láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún ni ó máa ń ṣe ọmọdé tí ara rẹ̀ bá gbóná púpọ̀. Eyín ọmọ náà yóò wa pọ̀, ó sì lè gé ahọ́n jẹ. Ìbẹ̀rù pé yóò gé ahọ́n náà já ni ó ń mú kí àwọn ènìyàn fi ṣíbí tàbí ìka ya ẹnu rẹ̀. Ṣíbí yìí ni ó sábà máa ń ṣe ọṣẹ́ ju eyín lọ: a máa ṣẹ́ eyín iwájú, a máa ya erìgì, eyín tí ó ṣẹ́ sì lè bọ́ sí ọ̀nà èémí. Àwọn mìíràn a máa ro àgbo ìtọ̀ màlúù pẹ̀lú ewé tábà sí ọmọ lẹ́nu. Àwọn oníwádìí ní Ìbàdàn ti fi hàn láti bí ọdún 1970 wá pé àgbo yìí a máa fa ìwọ̀n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, a sì máa ba ọpọlọ jẹ́. Ọmọ tí ì bá jí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ lè tipa bẹ́ẹ̀ di ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ fara pa títí ayé, kí ó sì bọ́ sí ìsọ̀rí tí a ṣe àlàyé rẹ̀ ní 3.3. Ohun tí ó tọ́ ni kí a dá ọmọ dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí a tú aṣọ ọrùn rẹ̀, kí a má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ibà pọ́njú ìkókó ni èkejì. Nǹkan bí ọ̀kan nínú ọmọkùnrin mẹ́rin tàbí márùn-ún ní ilẹ̀ Yorùbá ni èròjà ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní G6PD kò tó lára rẹ̀. Lucio Luzzatto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ńlá lórí èyí ní Ìbàdàn láàárín 1964 àti 1974. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fa òórùn káńfọ̀ tí wọ́n fi sínú aṣọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa bàjẹ́ kíákíá, ojú rẹ̀ yóò sì pọ́n. Ní 1980, Olowe àti Ransome-Kuti, ẹni tí ó di Mínísítà fún Ètò Ìlera ní 1985, gbé ìwádìí jáde láti Èkó nípa ewu mẹ́ńtọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi sí ara irú àwọn ìkókó bẹ́ẹ̀. Bí ohun pípọ́n inú ẹ̀jẹ̀ náà bá wọ ọpọlọ lọ, ọmọ lè yè é, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ yóò máa lọ́, etí rẹ̀ lè di, àgbọ̀n rẹ̀ kò sì ní í gba ìjánu. Eyín rẹ̀ pàápàá lè yọ pẹ̀lú àwọ̀ ewé, kí ojú rẹ̀ má sì le dáadáa.

Ohun tí ó tẹ̀ lé èyí ni pé púpọ̀ nínú ìtọ́jú ẹnu tí àwọn ọmọ wọ̀nyí nílò ní ọmọ ọdún mẹ́ta ni wọn ì bá má nílò rárá, bí wọ́n bá ti tètè gbé wọn dé abẹ́ iná ìtọ́jú ibà pọ́njú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n délé ayé.

5.0 Ìtọ́jú ní ọwọ́ oníṣègùn eyín

Ìpele mẹ́rin ni ó yẹ kí ìtọ́jú náà gbà, kò sì yẹ kí a fo ọ̀kan kọjá.

Ìpele kìíní ni dídá ẹ̀jẹ̀ dúró àti fífọ ojú egbò. Aṣọ mímọ́ tí a tẹ̀ mọ́ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá máa ń tó lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ọgbẹ́ bá la ètè já, oníṣègùn yóò rán an.

Ìpele kejì ni wíwá ìdí. Oníṣègùn yóò bi ìyá léèrè ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, ìgbà wo lójúmọ́ ni ó pọ̀ jù, bóyá ọmọ ń sunkún bí ó bá ń ṣe é, bóyá ó ń làágùn, bóyá ó ṣe ibà pọ́njú ní ìkókó, àti bóyá arákùnrin ìyá rẹ̀ kankan ní irú rẹ̀. Ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí nìkan lè fi ìsọ̀rí tí ọmọ wà hàn. Eyín tí ó ń dun ọmọ ni a ó kọ́kọ́ tọ́jú, nítorí pé nígbà mìíràn ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ máa ń parí sí.

Ìpele kẹta ni dídáàbò bo ara lọ́wọ́ eyín. Oníṣègùn lè rẹ́ ẹnu eyín tí ó mú, tàbí kí ó lẹ ohun àdídán mọ́ ọn. Ó sì lè ṣe ìbòrí eyín. Láti ṣe èyí, yóò fi ohun rírọ̀ tí ń yára le mú àwòrán eyín ọmọ. Yóò da símẹ́ǹtì funfun sínú àwòrán náà kí ó lè di ère eyín. Lórí ère yìí ni yóò ti mọ ìbòrí rọ́bà tí ó bá ẹnu ọmọ náà mu. Fún ọmọ tí ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń há sí àárín eyín, a lè ṣe èyí tí ó ní apata níwájú tí yóò máa ti ètè náà síta. Ìbòrí gbọ́dọ̀ tóbi tó tí ọmọ kò fi ní í lè gbé e mì, a sì gbọ́dọ̀ máa fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, nítorí pé abẹ́ rẹ̀ ni kòkòrò eyín fẹ́ràn láti máa gbé. Nínú ọmọ tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́, ó lè di dandan láti fún un ní oògùn oorun nílé ìwòsàn kí a tó lè mú àwòrán eyín rẹ̀.

Ní ìpele yìí kan náà ni ọwọ́ àwọn mìíràn ti gbọ́dọ̀ wọ iṣẹ́: oníṣègùn ọmọdé tí yóò tọ́jú àìsàn tí ó wà nídìí rẹ̀, onímọ̀ nípa ìwà ọmọdé tí yóò kọ́ ọmọ ní ọ̀nà mìíràn láti sọ̀rọ̀, àti ìyá tí yóò máa kọ àkókò àti ìṣẹ̀lẹ̀ sílẹ̀.

Ìpele kẹrin ni eyín yíyọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba àlàyé tirẹ̀.

6.0 Àríyànjiyàn lórí eyín yíyọ

Àwọn kan gbà pé yíyọ eyín ọmọ tí kòkòrò kò jẹ ìwà ìkà ni. Wọ́n ní ọmọ tí kò ní eyín kò lè jẹun dáadáa, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì ní í já gaara. Wọ́n tún ní, bí a bá yọ eyín ọmọdé, eyín àgbà yóò yọ ní ọdún mẹ́fà tàbí méje, ìjà yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo èyí. Àwọn ọmọ kan sì wà tí wọ́n kúrò lórí ètè bọ́ sórí ohun mìíràn lẹ́yìn tí wọ́n yọ eyín wọn, tí wọ́n ń gbá orí mọ́ ògiri.

Ní ìhà kejì, ètè tí a bá bù jẹ tán kì í hù padà. Eyín àtọwọ́dá wà; ètè àtọwọ́dá kò sí. Fún ọmọ tí ó ní àìsàn Lesch àti Nyhan, tí ìbòrí kò dúró sí ẹnu rẹ̀, tí ó sì ń pàdánù ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú òbí rẹ̀, yíyọ eyín mélòó kan lè jẹ́ àánú. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá ni ó wà láàárín ọmọ yìí àti ọmọ ọ́tísìmù tí etí ń dùn. Ìwà ìkà gbáà ni láti yọ eyín ti ẹ̀kejì yìí, nítorí pé ohun kan ṣoṣo tí ó fi ń ké gbàjarè ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ìrora náà sì ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni ti dídè. Ní ilẹ̀ wa, okùn àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni wọ́n fi ń de aláìsàn ọpọlọ láyé àtijọ́, ìtìjú náà kò sì tíì kúrò lọ́kàn àwọn ènìyàn. Fífi aṣọ rírọ̀ bo ọwọ́ ọmọ tí ó fúnra rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún un kò bá ìyẹn dọ́gba. Ẹni tí yóò ṣèpinnu gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ èwo nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ó wà níwájú òun.

7.0 Òbí ní Arepo àti agbègbè rẹ̀

Arepo wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi Òwódé, ní ẹ̀bá òpópó Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978. Òun, Mowe àti Ibafo ti kún fún àwọn ìdílé ọ̀dọ́ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Èkó tí wọ́n sì ń sùn ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ilé ìwòsàn kéékèèké wà káàkiri ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú tí a ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ìpele kẹta àti ìkẹrin ń fẹ́ ilé ìwòsàn ńlá tí ó ní oníṣègùn eyín àti oníṣègùn ọmọdé lábẹ́ òrùlé kan. Ìkẹjà àti Ìdí-Àràbà ní Èkó, tàbí Ṣágámù, ni ó súnmọ́ wọn. Ní Yunifásítì Èkó ni ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn eyín àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1966. Ẹni tí ó ti Ifo wá lè rí i pé Abẹ́òkúta rọ òun lọ́rùn jù.

Kí a wo àpẹẹrẹ kan tí a fi ọgbọ́n inú gbé kalẹ̀. Ọmọ ọdún méjì kan wà tí ètè rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ láràárọ̀. Ìyá bàbá rẹ̀ sọ fún ìyàwó ilé pé, ‘Ìyàwó, eyín ni ó ń yọ, ẹ ra oògùn eyín fún un.’ Ìyàwó náà kúnlẹ̀, ó dáhùn pé, ‘Ẹ ṣeun, Mà, a ó rà á.’ Kò sí ẹni tí ó fẹ́ ibi nínú àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n láàárín òpin 2008 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2009, àwọn ọmọdé tí ó lé ní 80 ni ó kú ní Nàìjíríà nítorí oògùn eyín yíyọ kan tí èròjà olóró wọ inú rẹ̀. Oògùn tí ń mú erìgì kú kò sì bá irú ọmọ yìí mu, nítorí pé ẹnu tí ó kú ni eyín ń rí bù jẹ jù. Ohun tí ó yẹ kí ìyàwó náà ṣe ni kí ó gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò. Ohun tí ó yẹ kí ìyá àgbà ṣe ni kí ó fún un láyè láti lọ.

Ẹ̀bi pàápàá gba ọ̀rọ̀ sísọ. Àìsàn Lesch àti Nyhan àti àìtó G6PD, ara kúrómósómù X ni méjèèjì ti ń wá, ọ̀dọ̀ ìyá sì ni ọmọkùnrin ti ń gba X tirẹ̀. Bí oníṣègùn bá sọ èyí láìfarabalẹ̀, mọ̀lẹ́bí ọkọ yóò gbọ́ pé ìyá ni ó ba ọmọ jẹ́. Ó yẹ kí oníṣègùn fi kún un lójú gbogbo wọn pé ìyá kò yan ohun tí ó fún ọmọ, bí bàbá náà kò ti yan tirẹ̀. Òfin tí ó dènà ìyàsọ́tọ̀ sí àwọn aláàbọ̀ ara, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019, dáàbò bo irú ọmọ yìí ní gbangba; ṣùgbọ́n nínú ilé, ọ̀rọ̀ ẹnu oníṣègùn ni òfin.

8.0 Ìgúnlẹ̀

Àlàyé tí ó wà lókè yìí ti fi hàn pé ọmọ tí ń ṣe ẹnu ara rẹ̀ léṣe kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Òmíràn kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Òmíràn mọ̀ ṣùgbọ́n kò lè dáwọ́ dúró. Òmíràn fi ń sọ ohun tí kò rí ọ̀rọ̀ fún. Ó ti fi hàn pẹ̀lú pé gìrì tí a kò tọ́jú bí ó ti yẹ àti ibà pọ́njú tí a fi falẹ̀ ń fi àwọn mìíràn kún wọn ní ilẹ̀ wa. Ìtọ́jú tí kò bá bẹ̀rẹ̀ láti orí wíwá ìdí lè gba eyín lọ́wọ́ ọmọ tí kò ní ìṣòro eyín, ó sì lè fi eyín sílẹ̀ fún ọmọ tí yóò fi jẹ ètè rẹ̀ tán.

Ohun mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí dábàá. Kí àwọn nọ́ọ̀sì tí ń gba ọmọ lẹ́bí máa wo ẹnu àti àwọ̀ ojú ìkókó kí wọ́n tó jẹ́ kí ó lọ ilé. Kí oníṣègùn eyín tí ó bá fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ má jẹ́ kí ó lọ láìkìlọ̀ fún òbí rẹ̀ nípa ètè tí ó kú. Kí àwọn onímọ̀ èdè àti àwọn oníṣègùn sì jọ jókòó láti wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí yóò sọ ìdí, tí kò ní í sọ ìṣe nìkan. Nítorí pé títí di ìgbà tí ìyá bá ní ọ̀rọ̀ mìíràn yàtọ̀ sí ‘agídí’, ‘wèrè’ àti ‘ọwọ́ ayé’, ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni yóò máa gbé ọmọ rẹ̀ lé lọ́wọ́.